Ohun tí Àrùn Onígbáméjì Ń Ṣe Nínú Ìfun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kòkòrò àrùn onígbáméjì a máa jẹ ìfun bí ikán ti í jẹ igi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò náà, tí ó ń bá omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ wọ inú wa, kì í la ara ìfun kọjá. Ó lẹ̀ mọ́ ọn ni, ó sì ń tú oró sí i. Ní ọdún 1959, Dókítà S. N. De ní Calcutta, ní ilẹ̀ Íńdíà, sẹ́ kòkòrò kúrò nínú omi tí ó ti ń gbé, ó sì fi omi náà nìkan sínú ìfun ehoro. Síbẹ̀ ìfun náà kún.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ó tẹ́ inú ìfun ni ó yẹ kí ó máa fa omi sínú ara. Bí oró bá wọ inú wọn, wọn a máa da iyọ̀ jáde láìsinmi, omi a sì tẹ̀lé e. Ìgbẹ́ a dàbí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Alágbára òwúrọ̀ lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí omi ara rẹ̀ ti tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí oró náà kò lè dí: èyí tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gbà wọlé, tí omi sì ń bá wọn wọlé. Ìdí nìyí tí omi lásán kò fi tó. Ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, kí ó dọ́gba pẹ̀lú etí ṣíbí, sínú lítà 1 omi sísè tí ó ti tutù. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń bì, bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.