Àkọsílẹ̀ Ìwé Kíkà
Ó yẹ kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìwé ní àkọsílẹ̀ ìwé kíkà, èyíinì ni ìwé kékeré tí yóò máa kọ orúkọ ìwé àti ọjọ́ tó kà á tán sí, nítorí ohun tí ènìyàn kò bá kọ sílẹ̀ kì í pẹ́ pòórá. Orúkọ nìkan kò tó rárá. Bó bá ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé àròsọ Fágúnwà tó jáde ní 1938, kí ó kọ ibi tó mú un lọ́kàn. Bó sì jẹ́ ìwé Don Norman ti 1988 lórí ọgbọ́n ìṣètò ohun èlò, ìyẹn bí ohun èlò yóò ṣe rọrùn láti lò, kí ó ya àwòrán ilẹ̀kùn kan tí ìdìmú rẹ̀ ń mú ènìyàn fà á nígbà tó yẹ kó tì í síwájú. Ìwé tí kò kà parí náà yẹ ní kíkọ, pẹ̀lú ojú ewé tó ti sú u.