Níbo ni Mítà Wà?

Ìpájà, Èkó

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí fídíò ilé tuntun tí o fi ránṣẹ́ láti Thamesmead. O kú oríire, ilé á tura. Mo rí kíṣíìnì, mo rí wíńdò, mo rí bẹ́ẹ̀dì tí o kò tíì tò. Mítà nìkan ni mi ò rí. Má tíì tú àpò kejì. Wá a lọ: ó lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà, ó lè wà lára ògiri níta. Ya fọ́tò iye tó wà lójú ti iná àti ti gáàsì, lónìí tí o gba kọ́kọ́rọ́ gan-an.

Ohun tójú mi rí ni mo ń sọ. Ní 1994 tí mo gba yàrá kan ní Peckham, mítà oníkọ́kọ́rọ́ ni mo bá níbẹ̀. Ike kékeré kan báyìí ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún, a máa ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti kó owó sí i. Ti ẹni tó kó jáde ṣì wà nínú ihò rẹ̀, mo bá ń lò ó lọ, inú mi tiẹ̀ dùn. Mo kó pọ́n-ùn 5 sí i, mi ò rí 5 lójú mítà. Mo ní fíríìjì ló ń jẹ ẹ́, mo pa fíríìjì. Mo pa híítà, mo ń wọ kóòtù sùn. Ó tó oṣù mẹ́ta kí obìnrin ará Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń fọ ọ́fíìsì tó bi mí pé, "Àǹtí, kọ́kọ́rọ́ ta ni ẹ ń lò?" Àṣé gbèsè onígbèsè ni mo ń san! Mo pe ilé iṣẹ́ iná, wọ́n ní kí ni mítà kà lọ́jọ́ tí mo wọlé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tuntun, owó mi kò padà wá.

Níbí ní Ìpájà, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kọ lẹ́tà sí ọ kí o tó mọ̀ pé owó ti tán. Òkùnkùn á sọ fún ọ. Lálẹ́ àná, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni bàbá ilé fi ń tẹ nọ́ńbà 20 tókìn sí mítà, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ṣi ọ̀kan tẹ̀, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà ní Band A ń sunkún ju wa lọ: oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná tiwọn láti náírà 68 sí 225 lórí yúníìtì kan, nítorí wákàtí 20 tí wọ́n ṣèlérí fún wọn lójúmọ́. Lọ́hùn-ún, iná kì í sábà lọ, ìyẹn gan-an ni yóò tàn ọ́. Bí mítà rẹ kì í bá ṣe oníkọ́kọ́rọ́, gbèsè á máa pọ̀, iná á máa tàn, tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀.

Owó ojoojúmọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní standing charge. O dáná o, o kò dáná o, ó ń kà. Nígbà tí mo ṣì ń gbé ní Peckham, mo wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti sin bàbá wa. Ìgbà tí mo padà, owó tí mo kọ́kọ́ kó sórí mítà gáàsì, standing charge tó ti pọ̀ sílẹ̀ ló gbé e mì káló.

O kò ní lọ sí ọ́fíìsì kankan láti tọrọ iná. Ilé iṣẹ́ tó ń fún ẹni tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn níná ló ń fún ìwọ náà. Bi ẹni tó gbé ilé fún ọ ní orúkọ wọn, pè wọ́n, ka mítà fún wọn. Bí iye wọn kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o lè lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ wọn, ti ń fi òpin sí iye tí wọ́n lè gbà láti oṣù kìíní ọdún 2019. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló rò pé bíìlì kò lè ju iye tí wọ́n kà nínú ìròyìn lọ. Irọ́ ni. Owó yúníìtì àti standing charge ni òpin wà fún. Bí o bá tan híítà tàárọ̀-talẹ́ tí wíńdò sì ṣí sílẹ̀, wàá san án tán.

Ti omi kò ní wàhálà: Thames Water ló ni ibẹ̀, kò sí yíyàn. Mu ún láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò ní gbà á, ìwọ tí o dàgbà sí Bárúwà, níbi tí omi kànga ti ń rùn bí epo bẹntiróòlù.

Thamesmead yẹn, káńsù méjì ló pín in, Greenwich àti Bexley. Béèrè èwo ló ni òpópónà rẹ kí o tó san council tax. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìwọ nìkan ni àgbàlagbà inú ilé, ní kí wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò fún ọ. Bí o kò bá béèrè, o lè máa san án lódidi. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ bá dé, tún sọ fún wọn, bó tilẹ̀ dùn ọ́.

Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni kí o fi sórí bíìlì, má fi ti ọkọ sí i níbì kan kí o fi ti bàbá rẹ sí i níbòmíràn. Ìwé yẹn ni báńkì á béèrè láti mọ ibi tí ò ń gbé.

Gáàsì ńkọ́? O rántí ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí ilé gáàsì bú gbàmù ní Bárúwà. Bí o bá gbóòórùn gáàsì lọ́hùn-ún, má tan iná, má pa iná. Ṣí wíńdò, jáde, kí o pe 0800 111 999. Bi onílé bóyá ó fi ẹ̀rọ tó ń ké fún gáàsì olóró carbon monoxide sí ilé, nítorí ìyẹn kì í rùn.

Fi fọ́tò mítà náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó sùn. Mo ń dúró. Iná ṣì wà níbí, yúníìtì 11 ló kù.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ