Kíkó Oúnjẹ Pamọ́ De Ọ̀wọ́n

Ní Ọkitóbà 2022 omi Ọya bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá, ọkọ̀ há. Ní Júùnù 2024, owó oúnjẹ ní Nàìjíríà fi ohun tó lé ní 40 nínú 100 ju ti ọdún tó ṣáájú lọ.

Ànábì wa (S.A.W.) pe ẹni tó bá kó oúnjẹ pamọ́ de ọ̀wọ́n ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní ọ̀nà Imam Malik tí à ń tọ̀, ẹni tó ra àgbàdo pamọ́ nígbà ìkórè, tí kò ni ará ìlú lára, kò ṣẹ̀. Àmọ́ tí ebi bá ń pa ènìyàn, tí a ní ó ti tán, tí àpò ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, èèwọ̀ ni o! Ẹ jẹ́ ká máa wọn ààbọ̀ múdù fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká odindi.