Bí A Ṣe Ń Ka Ènìyàn Ilẹ̀ Wa

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nítorí náà, bí akànìyàn bá dé, bàbá ọlọ́mọ mẹ́fà a ní mẹ́ta ni òun bí. Bẹ́ẹ̀ ni iye yìí ni ìjọba fi ń pín owó, òun ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a máa bù lé e; ìjà lórí iye ni ó mú kí a fagi lé ìkànìyàn 1962 àti ti 1973.

Fún ti 2006, a kọ́kọ́ pín ilẹ̀ sí agbègbè kéékèèké, kí a má baà fo ilé kankan. 140,431,790 ni a rí.

Ìbéèrè: Ta ni yóò pèsè àga ìkàwé fún ọmọ mẹ́ta tí bàbá yẹn fi pamọ́?