Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, Olùkọ́ Tuntun ní Ayétòrò

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ Ọ̀rọ̀nnà,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi, inú mi sì dùn ṣìnkìn nígbà tí mo kà á pé ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín ni ọ̀gá fi ètò àjọ̀dún ìwé kíkà lé lọ́wọ́. Nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

O ní àwọn òbí ti ń dá owó ẹgbẹ́jọdá àti ti àtíbàbà, àti pé àwọn ọmọ kíláàsì kejì yóò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ka ojú ìwé kan tí wọ́n ti ń kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. N kò lòdì sí àríyá. Ọmọ tí a kò bá yẹ́ sí nídìí ìwé lè rò pé ìyà ni ìwé. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú irú àpèjọ bẹ́ẹ̀ rí, tí ọmọbìnrin kékeré kan ń kàwé ketekete, tí àtẹ́wọ́ ń dún lákọlákọ, tí mo sì rí i pé ìka rẹ̀ ti dé ìlà kẹta nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ìlà kìíní. Àkọ́sórí ni. Nígbà tí mo ṣí ojú ewé kejì fún un lẹ́yìn àpèjọ, ó kàn ń wò mí ni. Olórí pípé ọmọ sì ni o; àwa àgbà tí a pàtẹ́wọ́ ni a kò ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ohun tí kò kà rí, ìbáà ṣe gbólóhùn méjì péré, ìbáà kólòlò. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí o kọ ọ́ sí pátákó.

Yorùbá ni kí ó sì kọ́kọ́ jẹ́. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's, Ilé-Ifẹ̀, fún ọdún 6 gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n rántí ibi tí o wà: ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 gba àárín àwọn ìbátan kọjá, nítorí náà bí o bá rí ọmọ tó ń sọ Ègùn nílé, tàbí èyí tó fi Faransé bẹ̀rẹ̀ ìwé ní òdìkejì ààlà lọ́hùn-ún, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Tún wo ayé àtijọ́: kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọ kan ṣoṣo tó mọ̀wé ní agbo ilé lè máa ka lẹ́tà fún gbogbo ará ilé, bí ó bá sì ṣi ohùn ọ̀rọ̀ kan pè, ìjà dé. Kò sí ẹni tó lè kọ́ lẹ́tà ẹlòmíràn sórí! Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìyá àgbà rẹ̀ tàbí ará ilé kan wá, kí ó ka ìwé pélébé kan tí ìwọ bá fi lé e lọ́wọ́ fún onítọ̀hún, kí àgbà náà sì sọ ohun tó gbọ́.

Ní ti ọjọ́ tí ẹ ó ṣe é, ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án tí UNESCO yà sọ́tọ̀ láti 1966 fún mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sábà máa ń bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ nínú ìsinmi tàbí ní ìwọlé. Ẹ mú àjọ̀dún tiyín sí àárín táàmù, kí ó má sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí àwọn ìyá kò ní í wá.

Bẹ àwọn òbí kí wọ́n fi owó ẹgbẹ́jọdá náà ra ìwé sí kíláàsì. Kọ ọjọ́ tí ẹ bá mú ránṣẹ́ sí mi. N ó wọkọ̀ wá jókòó láàárín àwọn olùgbọ́, aṣọ ara mi ni n ó sì wọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Ìlaròó