Bí Ọ̀fun Bá Ń Dun Ọmọ Yín ní Ìlú Ọba

Ẹni tó ti mọ́ lára láti sáré dé kẹ́mísítì àdúgbò, kó ra Ampiclox fún ọmọ tí ọ̀fun ń dùn, yóò kọ́kọ́ rò pé àwọn ará England kò láàánú. Wọn kì í ta oògùn apakòkòrò láìjẹ́ pé ẹni tó yẹ ti wo aláìsàn. Wọ́n sì tọ̀nà: fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀fun dídùn, oògùn apakòkòrò kò sì ran fáírọ́ọ̀sì.

Strep A, ìyẹn kòkòrò bakitéríà kan, ló ń fẹ́ oògùn yẹn. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15 ló ń bá jà jù, ṣùgbọ́n òbí náà lè kó o lára wọn. Òjijì ló máa ń dé: ibà, ìrora bí èèyàn bá ń gbé nǹkan mì, ọ̀fun pípọ́n tó ní àbàwọ́n funfun, kókó ọrùn tó wú. Bí ikọ́ àti ikun imú bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán. Nígbà mìíràn, Strep A á tún mú kí ara sú. Scarlet fever nìyẹn. Pupa rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí náà ẹ fọwọ́ pa àyà àti ikùn ọmọ. Bó bá rí ṣákiṣàki bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó, ẹ pe GP (dókítà ìdílé yín) lọ́jọ́ náà gan-an.

Láti January 2024, ètò Pharmacy First gba apòògùn láyè láti yẹ ọ̀fun ẹni tó ti pé ọdún 5 wò, kó sì fún un ní pẹnisílíìnì bó bá yẹ. Ọmọ tí kò tíì pé 5, GP ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá. Ọmọ tí kò pé ọdún 16 kì í sanwó oògùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lò ó tán, kódà bí ara bá yá lọ́jọ́ kejì. Strep A tí wọn kò tọ́jú lè ba ọkàn jẹ́. Àrùn ọkàn yìí ṣì ń bá àwọn ọmọ jà nílé lọ́hùn-ún. Ẹ má pín oògùn náà fún àbúrò rẹ̀. Parasẹ́támọ̀ ni kẹ́ ẹ lò fún ibà, kì í ṣe ásípírìn. Ó lè padà síléèwé lẹ́yìn wákàtí 24 tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, bí ara rẹ̀ bá ti yá.

Lóru, ẹ pe 111. Bí kò bá lè gbé itọ́ mì, tàbí tí mímí ń nira fún un, 999 ni. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ físà dá yín dúró: ẹ̀ka pàjáwìrì kì í gbowó ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.