Omi tí rélùwéè gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀: bí ilẹ̀ Faransé ṣe sọ ọ́ di òwò ọkọ̀ háyà

Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá òwò tá a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí mu, ìyẹn òwò fífi ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì háyà fáwọn tó wá gbafẹ́ nílẹ̀ Faransé. Lórí Canal du Midi, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 8 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ sáré létí omi lè yà á sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì wá sanwó láti gbé e. Kí ni wọ́n ń rà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni Canal du Midi, ó gùn tó kìlómítà 240, láti ìlú Toulouse dé adágún Thau lẹ́bàá Òkun Mẹditaréníà. Pierre-Paul Riquet, tó ń bá ọba gba owó orí iyọ̀, ló gbé àbá náà kalẹ̀. Ọba Louis Kẹrìnlá fọwọ́ sí i lọ́dún 1666, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1681. Nítorí pé omi kì í gun òkè, Riquet kó omi àwọn odò kéékèèké orí òkè Montagne Noire jọ, ó darí rẹ̀ wá síbi tí omi náà ti ga jù, ó sì kọ́ dáàmù sí Saint-Ferréol láti tọ́jú omi pa mọ́. Owó ara rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú owó ìjọba. Ó kú lọ́dún 1680, oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i, gbèsè ló sì fi sílẹ̀ fáwọn ọmọ rẹ̀.

Báwo wá ni ọkọ̀ ṣe ń gun òkè? Yàrá omi ni wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà, tó ní ìlẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á sì tú omi wọlé láti òkè. Bí omi ṣe ń pọ̀ ni ọkọ̀ ń ga. Tí omi inú yàrá bá ti dọ́gba pẹ̀lú tòkè, ìlẹ̀kùn iwájú á ṣí. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá, omi òkè ń dín kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí àwọn ọkọ̀ dúró de ara wọn nígbà ọ̀dá, kí wọ́n lè jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹrù ni omi yìí wà fún tẹ́lẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 1857, ojú irin Bordeaux sí Sète parí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ rélùwéè yẹn kan náà gba àkóso omi náà fún 40 ọdún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ẹni tó ń ta ẹran á polówó ẹja aládùúgbò ni? Ìjọba gba omi náà padà lọ́dún 1898, ṣùgbọ́n oníbàárà ti lọ. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ ẹrù ti dàwátì níbẹ̀.

Àwọn tó wá gbafẹ́ ló rọ́pò ẹrù. Lọ́dún 1996, àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé. Òfin náà tún ṣínà: ẹni tó háyà ọkọ̀ kò nílò láísẹ́ǹsì, ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ló máa kọ́ ọ kó tó gbéra. Ẹni tó gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wá ló ń wá ìwé àṣẹ, tó sì ń sanwó fún Voies navigables de France, iléeṣẹ́ ìjọba tó ti ń bójú tó ojú omi wọn láti 1991.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kìlómítà 240 lọ́nà 8 jẹ́ 30 wákàtí, láìtíì ka dídúró níbi ìlẹ̀kùn omi, tí wọ́n sì máa ń tì í lálẹ́. Ẹni tó ń rin wákàtí 5 lójúmọ́ kò lè lọ kó sì bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, àwọn onílé iṣẹ́ la ibùdókọ̀ sí ìlú mélòó kan, kí oníbàárà lè gbé ọkọ̀ níbì kan, kó sì dá a padà níbòmíì. Ibùsùn àti ilé ìdáná wà nínú ọkọ̀, torí náà ilé ni oníbàárà ń rà, kì í ṣe eré sísá. Àmọ́ tí òtútù bá dé, wọ́n máa ń ti omi náà pa fún àtúnṣe. Owó ọdún kan gbọ́dọ̀ wọlé láàárín oṣù mélòó kan.

Ewu ṣì wà ńbẹ̀. Àìsàn kan tí wọ́n rí lọ́dún 2006 ń pa àwọn igi ńlá etí omi náà. Nínú nǹkan bí 42,000, wọ́n ti gé èyí tó ju 20,000 lọ, wọ́n sì ń gbin òmíràn. Ibòòji igi yìí wà lára ohun tí oníbàárà ń sanwó fún, gbòǹgbò rẹ̀ ló sì di etí omi mú.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò kò le. Ẹni tó gbin nǹkan lè má jẹ níbẹ̀. Ọjà tó kú fún oníbàárà kan lè yè fún ẹlòmíì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń tọ́jú omi, torí tí omi bá gbẹ, ọkọ̀ di ẹrù orí ilẹ̀.